Bí ẹ ṣe máa gba kámẹ́rà yín lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ pé "ẹ padà wá ní Fráídè"

Kò sí fotógíráfà tó ń jẹun nínú iṣẹ́ yìí l'Ékòó tí ò tíì gbọ́ "ẹ padà wá ní Fráídè" rí. Ẹ gbé kámẹ́rà lọ fún àtúnṣe, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ pè wọ́n wọn ò gbé e, ẹ fi mẹ́sẹ́èjì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n ti kà á àmọ́ kò sí èsì, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìgbéyàwó wà nílẹ̀ ní Sátidé, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín sì ti san àsansílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an torí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde nídìí iṣẹ́ yìí ló ń tibẹ̀ pàdánù oníbàárà. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé kámẹ́rà kalẹ̀ lórí káńtà wọn gan-an lẹ ti ń pinnu bí ẹ ṣe máa gbà á padà. Ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, fọ́tò tẹ́ ẹ yà lọ́jọ́ yẹn, òun lẹ máa rí fi sọ̀rọ̀ tọ́rọ̀ bá dójú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ níbẹ̀ ju ibòmíì lọ.

1. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé kámẹ́rà bàjẹ́ lóòótọ́

Kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, ẹ jókòó tì í nílé ná. Ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ pààrọ̀ mẹ́mọ́rì kaàdì, ẹ pààrọ̀ lẹ́ńsì, tẹ́ ò bá ní òmíì ẹ yá ti ọ̀rẹ́ yín. Tó bá jẹ́ Canon tó ń lo dígí inú (ìyẹn DSLR), tí ò tàn rárá, ẹ wo ìlẹ̀kùn ibi tí kaàdì ń wọ̀ dáadáa. Bọ́tìnnì kékeré kan wà níbẹ̀, tí ìlẹ̀kùn yẹn ò bá tẹ̀ ẹ́, kámẹ́rà ò ní ṣiṣẹ́. Ike tín-ín-rín kan ló ń tẹ̀ ẹ́, tí ike yẹn bá ti kán, ńṣe lẹ máa rò pé kámẹ́rà ti kú pátápátá. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ gba owó bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ èèyàn lórí ike yẹn.

Ẹ tún ka ohun tí kámẹ́rà ń sọ fún yín. Lórí Canon, Err 01 ni pé lẹ́ńsì àti kámẹ́rà ò gbọ́ra wọn yé, ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó mọ́ nu àwọn irin aláwọ̀ góòlù tí wọ́n fi kan ara wọn, ẹ tún dán an wò. Err 02, kaàdì ni. Err 30, ṣọ́tà ni, ìyẹn ìbòjú tó ń ṣí tó ń pa dé níwájú sẹ́ńsọ̀ tó ń gba àwòrán, ìyẹn ti kọjá ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nílé. Err 20 náà, nǹkan kan ló há tàbí tó kán nínú ẹ̀. Err 99 lè jẹ́ ohunkóhun, torí náà ẹni tó bá gbọ́ Err 99 lórí fóònù tó sì ti dá iye lé e láì tíì fojú kan kámẹ́rà, ẹ má gbé e lọ bá a.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Nígbà míì kámpánì fúnra ẹ̀ ti gbà pé àṣìṣe wà nínú irú kámẹ́rà yẹn, wọ́n á sì ní àwọn máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Nikon ṣe é fún D600 ní 2014 nígbà tí àbàwọ́n ń kó sórí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, kódà ẹni tí wọ́n ní wọ́ràńtì rẹ̀ ti tán wà níbẹ̀. D750 náà ní tiẹ̀ ní 2015, lórí ṣọ́tà. Ẹ fi orúkọ kámẹ́rà yín àti "service advisory" wá a lórí Google, kì í gba àkókò.

2. Ta lẹ fẹ́ gbé e fún?

Ẹ ò ní rí ọ̀nà púpọ̀. Tí kámẹ́rà bá ṣì tuntun tí wọ́ràńtì sì wà lórí ẹ̀, ibi tí kámpánì fọwọ́ sí ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i, torí tí orí síkúrù kan bá ti ha, wọ́n lè ní àwọn ò ṣe mọ́. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti London tàbí Amẹ́ríkà, ẹ má gbọ́kàn lé wọ́ràńtì, torí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti tà á nìkan ni èyí tó pọ̀ jù lára wọn ti ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó kù ni àwọn ẹnjiníà tó dá dúró, ọwọ́ wọn sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú kámẹ́rà wa ń bọ́ sí. Ó yẹ ká ṣe déédéé sí wọn o. Àwọn kámpánì yìí fúnra wọn ló ń mú nǹkan le. Nikon Amẹ́ríkà dáwọ́ páàtì títà fún àwọn tó dá dúró dúró ní 2012, nígbà tó sì di 2020 wọ́n fòpin sí ètò tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe tí kì í ṣe tiwọn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ wo bó ṣe máa rí fún ẹni tó jókòó n'Íkẹjà. Kámẹ́rà tó ti kú ni wọ́n ń tú láti rí páàtì, nígbà míì wọ́n á dúró de kámẹ́rà tó máa kú. Òótọ́ ni pé páàtì ò tíì dé. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á gba kámẹ́rà kalẹ̀ kó má baà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, wọ́n á wá máa fi ọjọ́ tì yín.

Torí náà ẹ bi í ní tààrà: "Ọ̀gá, ṣé páàtì yẹn wà nílẹ̀ lọ́wọ́ yín báyìí, àbí ẹ ṣì máa wá a?" Tó bá ṣì máa wá a, ẹ gbé kámẹ́rà yín padà sílé, kó pè yín tó bá ti rí i. Kò sídìí tí kámẹ́rà fi máa sùn sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì nígbà tí kò sóhun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Ìbéèrè yìí nìkan á gba ọ̀pọ̀ yín lọ́wọ́ wàhálà.

Ẹ tún bi í bóyá òun gan-an ló máa ṣí i. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló jẹ́ pé gbígbà ni wọ́n ń gbà á, ẹlòmíì ló ń ṣe é níbòmíì. Ìyẹn ò burú, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, torí ibẹ̀ ni "ọmọ iṣẹ́ mi ló mú u dání" ti máa ń jáde.

3. Ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀

Kò sí ìgbésẹ̀ tó tó èyí.

Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo ohun tí wọn ò nílò kúrò. Kaàdì, okùn ọrùn, ìdérí, fíláàṣì, gbogbo ẹ̀ kó dúró sílé. Kaàdì ni kẹ́ ẹ má gbàgbé, àwòrán ìyàwó àti ọmọ oníbàárà yín ló wà nínú ẹ̀, kò yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́ńsì náà kó dúró sílé àyàfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ fókọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá ní àwọn nílò bátìrì láti fi dán an wò, ẹ fi máákà kọ nǹkan sí i lára kẹ́ ẹ tó fi sílẹ̀, torí bátìrì ojúlówó máa ń lọ, ayédèrú á sì padà wá.

Lẹ́yìn náà ẹ ya kámẹ́rà yẹn ní fọ́tò lórí káńtà wọn, níṣojú wọn. Iwájú, ẹ̀yìn, òkè, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìsàlẹ̀ ṣe pàtàkì torí ibẹ̀ ni síríà nọ́ńbà sábà máa ń wà. Ẹ sún mọ́ orí àwọn síkúrù, ẹ jẹ́ kó hàn bóyá ẹnì kan ti ṣí i rí tàbí kò tíì sẹ́ni tó ṣí i. Ẹ ya ojú ẹ̀yìn pẹ̀lú gbogbo ibi tó ti ha. Tó bá ṣì ń tàn, ẹ ya ògiri funfun kan ní f/22 (ìyẹn kí ojú lẹ́ńsì kéré gan-an) kẹ́ ẹ mọ iye eruku tó wà lórí sẹ́ńsọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e fún wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹ ò fọkàn tán òun, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe fún gbogbo ohun èlò yín. Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ máa fẹ́ràn ẹ̀, torí ó ń dáàbò bo òun náà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ di mú nìyí: iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí. Kámẹ́rà ń kà á. Ti Nikon àti ọ̀pọ̀ Sony, ẹ lè rí i lára fáìlì fọ́tò, àwọn sáìtì wà tẹ́ ẹ máa gbé fọ́tò sí tó máa sọ ọ́ fún yín. Èyí tó pọ̀ jù nínú Canon kì í kọ ọ́ sínú fọ́tò, ó máa ń gba sọ́fíwìà, àmọ́ tẹ́ ò bá rí ìyẹn ṣe, ẹ ya fọ́tò kan gbẹ̀yìn, ẹ kọ nọ́ńbà fáìlì yẹn sílẹ̀, bíi IMG_4521. Kí ló dé? Torí pé kámẹ́rà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lè máa lọ òde àríyá láìsí yín níbẹ̀. Ẹni tó bá ń dán ṣọ́tà wò máa yà á ní mélòó kan, bóyá ọgọ́rùn-ún, kò sóhun tó burú ńbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá padà dé tí nọ́ńbà ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún lé sí i, àmì ti wà lọ́wọ́ yín pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa fi kámẹ́rà yín pawó. Ṣọ́tà sì ní ọjọ́ orí: Canon ní 100,000 ni ti 80D àti 6D, 150,000 ni ti 5D Mark III, Nikon sọ 200,000 fún D850. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí wọ́n bá yà níbẹ̀, ara yín ni wọ́n ti gé e.

Ẹ ṣọ́ra lórí ibí yìí náà: tí wọ́n bá fi ṣọ́tà tí wọ́n yọ lára kámẹ́rà míì sí tiyín, nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa rí kì í ṣe ti ṣọ́tà yẹn, torí inú bọ́ọ̀dù ni kámẹ́rà ń tọ́jú nọ́ńbà sí. Ẹ bi wọ́n kí wọ́n tó fi sí i pé mélòó ni kámẹ́rà tí wọ́n yọ ọ́ lára ẹ̀ ti yà. Kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ máa gba èyí tó bàjẹ́ padà. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa kó ògbólógbòó ṣọ́tà lé yín lọ́wọ́ ò ní pa irọ́ pé òun ti pààrọ̀ ẹ̀.

Wàyí o, rìsíìtì. Orúkọ kámẹ́rà, síríà nọ́ńbà, ohun tó ń ṣe é, ohun tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, iye tẹ́ ẹ jọ ṣàdéhùn, ọjọ́ tó máa ṣetán, orúkọ ẹni tó gbà á. Tí wọn ò bá ní ìwé rìsíìtì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, ẹ jọ fọwọ́ sí i, ẹ yà á ní fọ́tò, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí WhatsApp wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù: "Ọ̀gá, àdéhùn wa nìyí o." Tí wọ́n bá ti dáhùn pé "ó dáa", ìyẹn ti tó.

4. Owó

Ẹ bi wọ́n iye tí wọ́n ń gbà láti yẹ̀ ẹ́ wò, àti bóyá wọ́n á yọ ọ́ kúrò lára owó iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n ṣe é. Ẹ bi wọ́n ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọn ò bá rí i ṣe, àwọn kan á ṣì fẹ́ gba owó iṣẹ́, ẹ jọ sọ ọ́ tán níbẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ àsansílẹ̀, owó páàtì ni kẹ́ ẹ san, owó iṣẹ́ á dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ti dán an wò. Ẹ fi báǹkì ránṣẹ́ sí i, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó wà fún sí ibi àlàyé: "owó ṣọ́tà Canon 80D". Àlàyé kúkúrú yẹn máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú ju ẹlẹ́rìí mẹ́ta lọ. Torí bí dọ́là ṣe ń lọ sókè lọ sódò, ẹ béèrè ọjọ́ tí iye yẹn máa dúró dà, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n pè yín kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun tí kò sí nínú àdéhùn.

Tí iye àtúnṣe bá ti ń sún mọ́ iye tí wọ́n ń ta tòkunbọ̀ irú ẹ̀, ẹ rò ó dáadáa. Èyí tó bọ́ sínú omi òkun, n ò ní tan yín jẹ, iyọ̀ máa ń jẹ bọ́ọ̀dù lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti "ṣe é tán".

5. Ọjọ́ ti kọjá, wọn ò gbé fóònù

Ẹ má tíì pariwo. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó, kámẹ́rà yín ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ẹ rántí. Àmọ́ ẹ má tún máa bẹ̀bẹ̀, torí "ẹ jọ̀ọ́ báwo ni" lè gba "ó ń lọ" títí ọdún á fi parí. Ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo tó ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kẹ́ ẹ dá ọjọ́ sí i:

"Ẹ káàsán o, Ọ̀gá. Canon 80D tí mo gbé fún yín ní ọjọ́ 4 ni mò ń bi yín. Ẹ ní á ṣetán ní ọjọ́ 9. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ṣọ́tà ti dé ọwọ́ yín àbí kò tíì dé? Ẹ bá mi ya fọ́tò kámẹ́rà náà báyìí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Mo máa wà lọ́dọ̀ yín ní Túsìdé láago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ ṣé o."

Fọ́tò yẹn ni kókó ẹ̀. Ẹni tí kámẹ́rà wà níwájú ẹ̀ á yà á kíá. Ẹni tí ò bá lè yà á, kámẹ́rà ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Kẹ́ ẹ lọ lóòótọ́ ní Túsìdé. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, ṣọ́ọ̀bù ò tíì kún, ẹ ṣọ́ra fún Sátidé tí gbogbo èèyàn ń sáré. Ẹ ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà jáde kẹ́ ẹ rí i. Tí wọ́n bá ti tú u sílẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò bó ṣe wà. Tí wọ́n bá ní ó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì, ẹ gba orúkọ àti àdírẹ́sì, ẹ ní kí wọ́n pè é níwájú yín. Tó bá ti hàn pé kò sí páàtì, ẹ gbà á padà bó ṣe wà, pẹ̀lú gbogbo síkúrù, kí wọ́n tò ó padà kẹ́ ẹ tó lọ.

Títí ìyẹn á fi yanjú, ẹ yá kámẹ́rà tàbí kẹ́ ẹ háyà ẹ̀ fún iṣẹ́ Sátidé. Ẹ má fi iṣẹ́ oníbàárà dúró de ìlérí ẹnjiníà, bó ti wù kó dá yín lójú tó.

6. Wọ́n ní ó ti ṣetán

Ẹ gbé bátìrì yín, kaàdì yín, lẹ́ńsì yín àti fíláàṣì lọ. Wọ́n á fẹ́ kẹ́ ẹ tètè sanwó kẹ́ ẹ máa lọ, wọ́n á ní "ẹ lọ dán an wò nílé". Ẹ dúró. Ẹ wo síríà nọ́ńbà pẹ̀lú fọ́tò yín. Ẹ ka síkúrù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó máa yà láì dáwọ́ dúró títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ ya ògiri funfun ní ìyára ṣọ́tà láti 1/30 lọ dé 1/4000, torí ṣọ́tà tí wọn ò tò dáadáa lè ṣe dáadáa tó bá rọra ń ṣí, kí ilà dúdú wá máa yọ tó bá ń yára. Ẹ fi fíláàṣì yà á ní 1/200 (1/180 tó bá jẹ́ 6D), ilà dúdú tún lè farahàn níbẹ̀. F/22 lẹ́ẹ̀kan sí i fún eruku. Fókọ́ọ̀sì lójú ohun tó sún mọ́ àti ohun tó jìnnà. Ẹ gba fídíò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kámẹ́rà tí wọn ò tò dáadáa máa ń kú tó bá gbóná. Ojú kaàdì méjèèjì tó bá ní méjì. Nọ́ńbà fáìlì tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, ẹ wò ó.

Tó bá pé, ẹ gba ògbólógbòó páàtì, ẹ sanwó, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí ohun kan náà bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù kan, wọ́n á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn tí wọ́n bá ṣe é dáadáa, kẹ́ ẹ sọ fún àwọn fotógíráfà míì, àwọn tó mọṣẹ́ ò pọ̀.

7. Wọ́n kọ̀, tàbí wọ́n bà á jẹ́ sí i

Òfin wà o. Òfin ìjọba àpapọ̀ tọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà sílẹ̀ sọ ọ́ ní abala 130 pé ẹni tẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ fún gbọ́dọ̀ ṣe é lásìkò, kó sọ fún yín lásìkò tí ìdádúró bá wà, kó sì dá ohun ìní yín padà ní ipò tó dáa tó bó ṣe wà nígbà tẹ́ ẹ gbé e fún un, ó kéré tán. Tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè ní kó tún un ṣe tàbí kó dá lára owó yín padà. Ẹ kọ lẹ́tà kan, ojú ìwé kan péré, ẹ fún wọn ní ọjọ́ méje, kẹ́ ẹ mẹ́nu ba òfin yẹn. Lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé máa ń mú èèyàn ronú ju ìpè ogún lọ.

Tí ọjọ́ méje bá kọjá, l'Ékòó ẹ lè gbé ẹ̀sùn lọ sí LASCOPA tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, tàbí FCCPC, tàbí Citizens' Mediation Centre tí wọ́n á ti pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó láì gba kọ́bọ̀. Èmi á kọ́kọ́ lọ sí Mediation Centre, torí ẹ ṣì lè nílò ẹnjiníà yẹn lọ́la. Tó bá jẹ́ owó tí iye ẹ̀ dájú lẹ fẹ́ gbà, bí àsansílẹ̀ páàtì tí kò dé, ilé ẹjọ́ Small Claims tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 2018 ń gbọ́ ọ̀rọ̀ owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, wọ́n sì ṣètò ẹ̀ kó parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Tó bá jẹ́ ìdádúró tàbí àdéhùn tó yẹ̀, ẹ má pè wọ́n, òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn lórí ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán. Àmọ́ tó bá dájú pé wọ́n ti ta kámẹ́rà yín, olè nìyẹn, ẹ lọ bá wọn pẹ̀lú síríà nọ́ńbà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀dájú tàbí gbájúẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú ọba, Consumer Rights Act ti 2015 ló ń ṣiṣẹ́ fún yín, ó ní kí wọ́n fi ìṣọ́ra ṣe iṣẹ́ náà láàárín àkókò tó bójú mu, tí wọn ò bá ṣe é bó ṣe yẹ ẹ lè ní kí wọ́n tún un ṣe láì tún sanwó.

Ibi yòówù kẹ́ ẹ lọ, fáìlì kan náà lẹ máa gbé dání: rìsíìtì, fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rí owó báǹkì pẹ̀lú àlàyé ẹ̀, WhatsApp látìbẹ̀rẹ̀ dópin láì pa ìkankan rẹ́, lẹ́tà ọjọ́ méje, nọ́ńbà fáìlì ìgbà tẹ́ ẹ gbé e lọ àti ìgbà tẹ́ ẹ gbà á. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, ẹ má fi ojúlówó sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín kẹ́ ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì wọn.